Adùn Tí Kò Bá Inú Jà

Fèrè kẹ̀kẹ́ aláísìkirímù kì í pẹ́ dé etí ọmọdé. Ó lè ṣì wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò, àwọn ọmọ á ti máa fa ìró ìyá wọn. Wọ́n á lá a tán, wọ́n á lá ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, wọ́n á tún lá ìka. Kó tó tó wákàtí méjì, ọ̀kan nínú wọn á ti di ikùn mú. Inú rẹ̀ á máa kùn, á máa lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á máa bọ̀. Ìyá á ní ó ti lọ jẹ ìjẹkújẹ nílé ìwé. Ìyá àgbà á ní aràn ni, á lọ gbé àgbo kaná.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé Yorùbá láìmọye ìgbà, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura sí mílíìkì. Ní ọdún 1971, The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, gbé ìwádìí kan jáde tí Norman Kretchmer, ará Amẹ́ríkà, àti Olikoye Ransome-Kuti ti Yunifásítì Èkó jọ ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Dókítà ọmọdé ni Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá. Òun náà ló wá di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà, ta ni ṣúgà inú mílíìkì ń dà nínú rẹ̀? Wọ́n rí i pé kì í dà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ Yorùbá tó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, àmọ́ ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran. Ní 1975, Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde, èyí tí wọ́n fi tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìdílé dé ìdílé. Ohun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ni.

Láktóòsì ni orúkọ ṣúgà náà. Ìfun kékeré ọmọ ọwọ́ ní èròjà kan, láktéèsì, tó ń gé e sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú tó ń dàgbà, èròjà yìí a máa dín kù. Bó ṣe rí fún nǹkan bí 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà lágbàáyé nìyẹn. Ṣúgà tí kò dà á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tíntìntín ibẹ̀ á bò ó, wọ́n á fi ṣe oúnjẹ, afẹ́fẹ́ á kún inú, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e. A kò lè pe èyí ní àìsàn. Àwọn tí ìran wọn ti ń fún wàrà ẹran mu láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni ara wọn yàtọ̀. Àwa tó kù wà bí wọ́n ṣe dá wa.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé tí dókítà bá sọ fún ẹnìkan kó jáwọ́ nínú mílíìkì, ojú ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń fi wo ara rẹ̀. Kò sí áísìkirímù mọ́, kò sí kéèkì, kò sí ṣinṣín ọdún. Bẹ́ẹ̀, mílíìkì inú agolo àti ti páúdà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilé ìdáná ọ̀pọ̀ nínú wa, adùn sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Kí a tó gbé àtẹ jáde, ó yẹ kí a mọ ẹni tó fẹ́ jẹun níbẹ̀, torí ohun tó wulẹ̀ ń dun ẹnìkan nínú lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ẹni tí láktóòsì ń dà láàmú lè mu nǹkan bí gíráàmù 12 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn bí ife mílíìkì kan, kí nǹkan kan má ṣe é, pàápàá tó bá jẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ó lè jẹ wàrà Fúlàní pẹ̀lú ìrọ̀rùn, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá fi oje bọmubọmu mú wàrà náà dì, púpọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ ń bá omi rẹ̀ lọ. Àmọ́ àléjì mílíìkì yàtọ̀. Purotéènì mílíìkì ni ara ń bá jà níbẹ̀, ẹ̀kán kan sì lè dí ọ̀nà èémí. Ẹnì kẹta ni vegan, ẹni tó pinnu pé òun kò ní jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá: ẹran, ẹja, ẹyin, mílíìkì, títí kan oyin. Donald Watson àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kọkànlá 1944, àwọn ló sì dá ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá da àwọn mẹ́ta yìí pọ̀ lè ṣe àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe. Ní oṣù Kejìlá 2017, obìnrin kan ra oúnjẹ ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Vegan ni wọ́n pè é. Purotéènì mílíìkì ti ràn mọ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, àléjì sì pa obìnrin náà. Ẹni tó ní àléjì ní láti ka àkọsílẹ̀ èròjà fúnra rẹ̀, kó sì béèrè bóyá ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe oní-mílíìkì. Láti oṣù Kejìlá 2014 ni òfin ti dé ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí orúkọ mílíìkì hàn ketekete yàtọ̀ sí àwọn èròjà tó kù lára oúnjẹ inú ọ̀rá àti páálí.

Ó wá ku àtẹ. Ẹni tó bá dúró ní ìdíkọ̀ tó sì wo ohun tí àwọn obìnrin gbé lérí yóò rí i pé kò sí mílíìkì nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó yọ ọ́ kúrò, torí kò fìgbà kan wà níbẹ̀. Àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, tí a fi epo pupa pò, ni àádùn. Ó lọ́lá débi pé ó ń bá oyin àti obì jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Ègúsí tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kí wọ́n tó dín in ni róbó. Kókóró Imásàyí kò ju àgbàdo, ṣúgà tàbí iyọ̀, àti òróró lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ohun tí a lè fi ṣe dòdò lásán ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè, pẹ̀lú ata àti epo, ẹni tó bá sì ti jẹ ẹ́ ní gbígbóná lórí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ẹni tí nǹkan kù fún. Fùláwà, omi, ṣúgà àti yíìsì ni pọ́fù-pọ́fù ìbílẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú nínú omi tútù, tí ẹ̀pà àti àgbọn gígé ń léfòó lójú rẹ̀, kò nílò agolo mílíìkì kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń dà á sí i láti fi ṣe fáàrí.

Béèrè kó o tó rà, ṣáá. Àwọn kan ti ń po páúdà mílíìkì mọ́ pọ́fù-pọ́fù nísinsìnyí, ẹyin sì wà nínú bọ́ọ̀nsì.

Àwọn ìpápánu alágbọn ló yẹ kí a tún dúró tì, torí àwọn ló sún mọ́ ohun tí ẹni tó fi mílíìkì sílẹ̀ ń ṣàárò jù: ọ̀rá tó ń yọ́ lórí ahọ́n. Bàbá dúdú tí àwọn ìyá wa ń ṣe, omi tí a fún lára àgbọn ni a fi ń se ṣúgà títí yóò fi ki, tí yóò fi dúdú, tí yóò sì le. Adùn rẹ̀ dà bíi ti tọ́fì oní-mílíìkì gẹ́lẹ́. Gúrúndí náà wà, àti ṣúkù-ṣúkù. Èyí tó jọ mí lójú jù lọ nínú gbogbo wọn ni frejon. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó, ló gbé e dé. Wọ́n á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi mílíìkì àgbọn àti ṣúgà pò ó, á wá jọ̀lọ̀ bíi kọ́sítáàdì. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí ìjọ Kátólíìkì kì í jẹ ẹran, ìkòkò frejon máa ń hó ní ilé àwọn ìdílé wọ̀nyí ní Pópó Àgùdà ní Èkó, wọ́n á sì bù ú lọ fún aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí ẹ̀wà ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Apá kejì òkun náà kò gbàgbé. Ní Salvador ní Bahia, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń ta acarajé, àkàrà wa náà ni, a máa to cocada sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ: àgbọn rírín tí wọ́n fi ṣúgà sè. Ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè láti 2005. Àwọn kan máa ń fi mílíìkì agolo sí cocada lónìí, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní i ṣì wà níbẹ̀, ó sì rọrùn láti rí.

Tí a bá wá fẹ́ ohun tó jọ mílíìkì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àgbọn ni àkọ́kọ́, ó sì rọrùn. Fọ́ ọ, rín ẹran rẹ̀, da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, fún un nínú aṣọ mímọ́. Omi tó wà nínú àgbọn kọ́ nìyẹn. Ohun funfun tó jáde lára ẹran rẹ̀ ni. Gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, ọ̀rá rẹ̀ tó ki yóò dúró lókè bí ọ̀rá wàrà ṣe ń dúró. Àwọn ará Badagry tí wọ́n ń gbin àgbọn ní etí òkun kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí.

Ọ̀fíò ni ìkejì, òun sì ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì dé dáadáa nínú wa. A ń jẹ ẹ́ ní tútù àti ní gbígbẹ, a ń fi ẹnu fún omi rẹ̀, a ń tu ìyàngbò rẹ̀. Àwọn Hausa ló ń fi ṣe kunu. Ní Spéènì ẹ̀wẹ̀, ọ̀fíò ni gbogbo agbègbè Valencia fi ń yangàn: wọ́n ń pe mílíìkì rẹ̀ ní horchata, wọ́n ń mu ún ní tútù nini nígbà ooru pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn kan tó dùn, wọ́n sì ń ra ọ̀fíò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kún tiwọn. Gbòǹgbò ni ọ̀fíò, kì í ṣe èso bíi kajú tàbí álímọ́ńdì, nítorí náà kì í sábà yọ ẹni tó ní àléjì irú àwọn èso bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Rẹ ẹ́ mọ́jú, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú èso dábínù díẹ̀, sẹ́ ẹ. Ohun kan ni kí o má ṣe: má gbé e kaná. Sítáàṣì wà nínú rẹ̀, kí ó tó hó rárá ni yóò ti máa ki bí ògì. Inú òtútù ni kó wà, kí o sì mu ún tán kí ọjọ́ kejì tó kọjá.

Sóyà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní abúlé bí wọ́n ṣe lè fi sóyà ṣe oúnjẹ nílé, láti ògì títí dé mílíìkì. Ohun tó bà á lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òórùn ẹ̀wà tútù rẹ̀. Èròjà kan nínú hóró rẹ̀ ló fà á, bí omi tútù bá kàn án nígbà tí a ń lọ̀ ọ́ ni òórùn náà ń jáde. Ẹni tó bá da hóró náà sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó lọ̀ ọ́ yóò rí i pé òórùn náà ti kú. Láti ara mílíìkì yìí náà ni a ti ń rí bèskè, wàrà sóyà tí a fi omi ògì tó ti kan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ mú dì, tí a dín títí ó fi pọ́n, tí a kì bọ inú ata. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jẹ ẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin kò mọ̀ pé oúnjẹ vegan làwọn ń jẹ. Òun ni tófù tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi ní àwọn ilé ìtajà ńlá London.

Mílíìkì ooti ni èyí tó gbòde ní òkè òkun. Rickard Öste ti Yunifásítì Lund ní Sweden ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èròjà kan ni wọ́n fi ń gé sítáàṣì ooti di ṣúgà, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn díẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Ẹni tó ń gbé ní Peckham ní London lè rà á láìronú. Ní Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀fíò wà ní ọjà Bódìjà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti náwó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ooti tó ti òkè òkun wá.

Bóyá ó tọ́ láti pè é ní mílíìkì rárá, èyí ti dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Jámánì kan, TofuTown, pé ohun tó ti ara ẹranko wá nìkan ni wọ́n lè máa tà ní orúkọ mílíìkì, bọ́tà tàbí ṣíìsì, àfi ìwọ̀nba orúkọ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ bíi mílíìkì àgbọn. Èdè Yorùbá kò bá ẹnikẹ́ni fà á. Wàrà ni wàrà, wàrà sóyà ni wàrà sóyà, ẹni tó fẹ́ rà á mọ èyí tó ń rà.

Áísìkirímù ló ṣòro jù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣeé ṣe jù. Ohun mẹ́rin péré ló ń mú un dùn: ọ̀rá, ṣúgà, afẹ́fẹ́ tí a gbo sínú rẹ̀, àti yìnyín tó kéré débi pé ahọ́n kò lè rí i. Ọ̀rá àgbọn lè ṣe iṣẹ́ ọ̀rá wàrà, ṣúgà ni kò ní jẹ́ kó dì gbagidi. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀: ní 2016, Ben & Jerry's ti Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n fi mílíìkì álímọ́ńdì ṣe jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló yani lẹ́nu jù. Èyí tó ti pọ́n tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú ni kí a wá. Gé e, tò ó sínú fírísà mọ́jú, kí o sì lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà láìfi omi sí i. Á kọ́kọ́ fọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́, á wá ṣàdédé jọ̀lọ̀, á sì máa fà. Ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan nínú rẹ̀ á sọ ọ́ di ohun tí àlejò á béèrè orúkọ rẹ̀. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Tí ó bá yọ́ tó sì tún dì, yìnyín rẹ̀ á di ńlá, á máa ró rakaraka lẹ́nu. Níbi tí iná kò ti dúró, ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kí a lọ̀.

Kéèkì náà kò le. Òróró lè rọ́pò bọ́tà, mílíìkì àgbọn lè rọ́pò mílíìkì màlúù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹyin ló yẹ kí a ronú sí, torí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń so fùláwà pọ̀, ó sì ń gbé e sókè. Fún ti sísopọ̀, hóró flax lílọ̀ ṣíbí kan nínú omi ṣíbí mẹ́ta máa ń yọ̀ bí omi ilá, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹyin kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ títẹ̀ náà ń ṣe é. Fún ti gbígbé sókè, ọtí kíkan díẹ̀ tó bá pàdé páúdà sódà á hó, afẹ́fẹ́ á sì kún inú pò náà. Kéèkì irú èyí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe láyé ọ̀wọ́n àwọn ọdún 1930, tí ẹyin àti bọ́tà kọjá agbára. Ṣinṣín ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Èyí tí a fi mílíìkì àgbọn pò láìfi ẹyin sí máa ń ró kéké lẹ́nu ju ti oní-bọ́tà lọ, á sì pẹ́ nínú ike.

Ìfófòó funfun tí wọ́n ń gbo lára ẹyin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ orí kéèkì ni gbogbo ènìyàn rò pé kò ní arọ́pò. Ní 2014, ará Faransé kan, Joël Roessel, ṣàkíyèsí pé omi tí wọ́n fi se ẹ̀wà máa ń fófòó bí funfun ẹyin tí a bá gbo ó. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Goose Wohlt, ará Amẹ́ríkà, fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, aquafaba. Ó dùn mọ́ ni láti rántí pé ọwọ́ alákàrà ti mọ ìdí rẹ̀ tipẹ́. Alákàrà tó mọṣẹ́ kì í kàn lọ ẹ̀wà kó dà á sínú epo. Á gbé e sínú odó, á máa gbo ó títí yóò fi wú, tí yóò fúyẹ́, tí yóò sì funfun sí i. Purotéènì ẹ̀wà ló ń di afẹ́fẹ́ mú níbẹ̀, bí ó ṣe ń dì í mú nínú aquafaba. Àkàrà tí wọn kò gbo á le bí òkúta. Ìmọ̀ kan náà ni, orí kéèkì ni wọ́n wulẹ̀ gbé e lọ.

Ṣíìsì kò tíì rí arọ́pò tó tẹ́ni lọ́rùn, a kò sì gbọ́dọ̀ tan ara wa. Purotéènì kan tí kò sí nínú ewéko ló ń jẹ́ kí ti màlúù máa fà bí okùn lórí písà. Òróró àgbọn àti sítáàṣì ni wọ́n sábà fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn vegan. Á yọ́, àmọ́ á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Kajú tí a rẹ, tí a lọ̀ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, dùn láti fi pa búrẹ́dì, torí kò díbọ́n pé ohun mìíràn lòun.

Àwọn midinmídìn tó ń rọ̀ lẹ́nu náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Gelatin tó ń mú wọn fà, láti ara awọ àti egungun màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó ń gbé lókè òkun ti ń yẹ ọ̀rá wọn wò kí ọ̀rọ̀ vegan tó gbajúmọ̀. Ẹni tó bá rí E120 lára rẹ̀, àwọ̀ pupa tí wọ́n fi kòkòrò ṣe ni. Èyí tí wọ́n fi agar ṣe, láti ara ewéko inú òkun, wà fún ẹni tó bá fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí kò ní mílíìkì kò lè pa ara lára. Ṣúgà ni ṣúgà. Ọ̀rá tó ń dì nínú òtútù pọ̀ nínú òróró àgbọn ju inú bọ́tà lọ. Mílíìkì inú ewéko kò ní kálísíọ́ọ̀mù tó ti màlúù àyàfi tí wọ́n bá fi kún un, ẹni tó jẹ́ vegan sì gbọ́dọ̀ wá fítámì B12 láti ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yẹ kó jẹ wá lógún jù. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè rọ́pò omi ọyàn, NHS, àjọ ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní mílíìkì ìrẹsì, nítorí májèlé arsenic tó lè wà nínú ìrẹsì.

Ó ku ṣokoléètì, òun ló sì kan ilẹ̀ wa jù. Kòkó kò ní mílíìkì lára. Ní 1847, ilé iṣẹ́ Fry ní ìlú Bristol po páúdà kòkó, ọ̀rá kòkó àti ṣúgà pọ̀, wọ́n sì rí ṣokoléètì tó ṣeé gé jẹ. Ó di 1875 kí Daniel Peter ní Vevey ní Switzerland tó rí ọ̀nà láti po mílíìkì mọ́ ọn. Fún ọdún 28, ohun tí a ń pè ní ti àwọn vegan lónìí ni ṣokoléètì tí wọ́n ń gé jẹ. Kòkó ni ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi kọ́ ilé ìwé, òun ló sì kọ́ Kòkó House alájà 26 sí Ìbàdàn ní 1965, àmọ́ títí di ìsinsìnyí, hóró gbígbẹ la ń kó ránṣẹ́ jù, ṣokoléètì oní-mílíìkì la sì ń rà padà. Èyí kò bá inú wa mu, kò sì bá ojú ọjọ́ wa mu. Ọ̀rá mílíìkì a máa mú ọ̀rá kòkó rọ̀, ìdí nìyẹn tí ṣokoléètì oní-mílíìkì fi ń tètè yọ́ nínú ọ̀rá kó tó dé ilé láti ọjà. Èyí tó dúdú, tí kòkó rẹ̀ pọ̀, le díẹ̀ sí i nínú ooru. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Nàìjíríà ti ń ṣe é báyìí láti inú hóró tí wọ́n gbìn nílé, tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ṣúgà nìkan sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lè fajú ro díẹ̀ nítorí ìkorò rẹ̀. Kó fi àgbọn yíyan díẹ̀ sí i, kó sì jẹ́ kó máa yọ́ fúnra rẹ̀ lórí ahọ́n, láìjẹ ẹ́.